Àmín Tó Há Sí Eegun Etí

Òórùn sítáàṣì aṣọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ìsọ̀ àbúrò mi obìnrin ní ọjà Lómè, láyé ìjọba Faransé, tí afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ ẹ mọ́ òórùn ẹja gbígbẹ. Akọ̀ròyìn ni mí nígbà náà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo lọ jókòó sẹ́yìn ìsọ̀ náà, mo ń ṣọ́ ọ, nítorí ìyá ọkọ rẹ̀ ti ní kí n wá kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílé ọkọ.

"Àna mi, ẹ wá mú ọmọ yín," ni màmá ọkọ rẹ̀ ti wí fún mi. "Mo ṣàdúrà fún ọmọ tuntun tó bí, kò ṣe àmín. Ìgbà mẹ́ta! Ta ni kì í ṣe àmín sí àdúrà ọmọ ara rẹ̀? Ẹ má sì sọ pé adití ni. Ẹ lọ wò ó lọ́jà."

Mo wò ó lóòótọ́. Láàárín igbe àwọn aláàárù àti fèrè ọkọ̀ ojú irin, ó ń dá àwọn oníbàárà lóhùn ní èdè Mínà àti Faransé, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan gbọ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: Ó ń gbọ́. Inú bí mi. Mo háyà ọmọlanke fún ẹrù rẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ilé ọkọ rẹ̀ ní Nyékonakpoè lọ́sàn-án, àbúrò mi ti ti ọjà dé, ilé sì pa rọ́rọ́. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Mo pè é lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ló wò mí; ìyá rẹ̀ kò yíjú.

Mo bẹ màmá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì lọ bá dókítà kan, ará Àjàṣẹ́ tó gbọ́ Yorùbá. Ó lu irin ẹlẹ́ka méjì kan mọ́ orúnkún, ó gbé e sítòsí etí àbúrò mi. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún un lù, ó fi ìdí rẹ̀ kan eegun ẹ̀yìn etí. Àbúrò mi ta gìrì.

"Ó ń kùn! Bí oyin!"

"Eegun orí ló gbé e wọlé," ni dókítà wí. "Màmá, eegun tíntìntín mẹ́ta ló wà lẹ́yìn awọ etí. Bí ohùn bá mi awọ náà, àkọ́kọ́ á mì bí òòlù, á lu ìkejì tó dà bí owú tí àgbẹ̀dẹ ń rọ irin lé. Ìkẹta á wá ti omi tó wà nínú etí lọ́hùn-ún."

"Àgbẹ̀dẹ nínú etí ìyàwó mi!" Màmá bú sẹ́rìn-ín. "Ta wá ni ọ̀lẹ nínú wọn?"

"Ìkẹta ni. Kò tó hóró ìrẹsì, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ojú kan. Lọ́jà, gbogbo yín ń kígbe kí ẹ lè borí ariwo, ariwo yẹn kò sì dí i lọ́wọ́ bó ṣe ń dí yín lọ́wọ́. Nílé, jẹ́jẹ́ lẹ ń sọ̀rọ̀."

"Àdúrà ṣáà ni. Ta ní í fi igbe ṣe é?"

Kò sí ìtọ́jú rẹ̀ ní Lómè nígbà náà. Dókítà kò fi bò. Màmá dìde, wọ́n fi àgbọ̀n wọn kan eegun ẹ̀yìn etí àbúrò mi, níbi tí irin náà ti kùn, wọ́n sì rọra bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọmọ náà. Díẹ̀ ni mo gbọ́ nínú rẹ̀.

"Àmín," ni àbúrò mi wí. "Àmín o, Màmá."

Mo dá ọmọlanke padà lófìfo. Ìwọ akọ̀ròyìn ẹlẹgbẹ́ mi náà mọ iṣẹ́ wa: bí ẹlẹ́rìí méjì bá ta ko ara wọn, òpùrọ́ la kọ́kọ́ ń wá. Láti ọjọ́ náà, ibi tí oníkálùkù wọn dúró sí ni mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ohun tí mo kọ lọ́jà ṣì wà nínú ìwé yẹn. Mi ò pa á rẹ́, irọ́ kọ́. Òtítọ́ ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi tú ilé àbúrò mi.