Ẹrù Aṣọ Tí Èjìdé Dì Ránṣẹ́ sí Kùmásí

Òótọ́ kan wà tí àwọn àgbà Bẹyẹrunka, àdúgbò wa, kì í fẹ́ gbọ́: kì í ṣe òógùn wa nìkan la fi kọ́ àwọn ilé onípáànù wọ̀nyẹn. Kòkó àwọn ará Góòlù Kóòsì wà níbẹ̀. Bí kòkó wọn bá so dáadáa, wọ́n á ra aṣọ. Bí wọ́n bá ra aṣọ, ìkòkò aró kò ní sinmi lágbo ilé wa, àwọn ará oko á rí ewé èlú tí a fi ń ṣe aró tà, àwọn ẹlẹ́ran Ọjà'ba náà á sì rí wa. Àwa tí a kò mọ ọ̀nà Kùmásí, inú ọbẹ̀ la ti ń mọ̀ pé ó dára fún wọn.

Èjìdé ni olórí àwọn aláró ilé wa. Èèyàn gidi ni, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le. Gàníyù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló ń bá wọn ta aṣọ ní Kùmásí, òun àti Ràbíátù ìyàwó rẹ̀, ọmọ Ìsàlẹ̀ Òsì. Èjìdé á di ẹrù, Oyèdélé awakọ̀ akẹ́rù á gbé e lọ. Àṣà wọn ni pé ẹni tí ẹrù bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ kúrò nídìí ọjà títí yóò fi tà á tán, nítorí aṣọ ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà nínú ẹrù kan.

Nígbà tó yá, Góòlù Kóòsì di Gánà. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, owó kòkó wálẹ̀, ìjọba wọn sì fòfin de gbígbé owó jáde. Ọbẹ̀ wa ti sọ fún wa kí Oyèdélé tó dé. Gàníyù rán an sí ìyá rẹ̀ pé òun fẹ́ wálé. Ọmọ méjì ti kú mọ́ Ràbíátù lọ́wọ́ lọ́hùn-ún, ó sì fẹ́ wá bí èyí tó kàn sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀.

Èjìdé di ẹrù mìíràn, ó ní kí Oyèdélé gbé e lọ, ó sì yé gbogbo wa pé kí Gàníyù má wálé ló ń wí. Àwọn obìnrin ilé dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ebi ti ń yọjú, wọ́n sì rò pé ọ̀dá owó náà á kọjá bí ọyẹ́. Gàníyù tún ránṣẹ́. Ẹrù tún lọ bá a.

Ní ọdún 1969, ìjọba Gánà ní kí àjèjì tí kò bá níwèé kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọkọ̀ ń já èèyàn sílẹ̀ ní ìdíkọ̀ Bẹẹrẹ tẹní tẹní. A ti gbọ́ pé Ràbíátù wà nínú oyún, oyún tó ti tó bí. Èjìdé kò lè jẹun mọ́. Bẹẹrẹ ló ń jí lọ, àwọn tó ní aṣọ lọ́wọ́ Gàníyù sì ń tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Gàníyù sọ̀ kalẹ̀, òun nìkan, pẹ̀lú àpò kékeré kan. Ó ti gbẹ. Mo rí Èjìdé tó fẹ́ ki oríkì ọmọ rẹ̀, àmọ́ ó bojú wẹ̀yìn, ó rí àwọn aláṣọ, ojú sì tì í.

“Gàníyù,” ó ní, “aṣọ àwọn èèyàn ńkọ́?”

Gàníyù dọ̀bálẹ̀ nínú eruku. Kò tètè dìde.

“Wọ́n kó o lọ́jà, Ìyá. Ìró kan ló kù. Ràbíátù rọbí lójú ọ̀nà, ní Dàhòmì, kò sì yè é. Mi ò rí aṣọ funfun rà. Aṣọ aró yẹn ni mo fi sin ín, òun àti ọmọ.”

Àṣàkẹ́, tó ti ń pariwo aṣọ tirẹ̀ láti àárọ̀, fi gèlè bojú. Èjìdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì ń wí fún gbogbo ẹni tó ń kọjá, ojúlùmọ̀ àti àjèjì:

“Ó bẹ̀ mí pé òun fẹ́ wálé. Ẹrù ni mo dì fún un.”