Ìyá Èèrà Nínú Àpótí Aṣọ Mi

Tí ẹ bá bi ọmọ Ifẹ̀ tó ti lé lógójì ọdún léèrè Ọ̀gbẹ́ni Adéagbo, á ní, "Ṣé Wọlé-wọlé?" Ọkọ mi nìyẹn. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni Abdulwahab fi wọ ilé onílé, láti Ìlódè dé Ẹnuwá, tó ń ṣí ìkòkò omi wò bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó ń ṣí ọbẹ̀ olóúnjẹ wò bóyá eṣinṣin ti bà lé e. Bí àwọn obìnrin bá ti gbúròó rẹ̀, omi ni wọ́n á máa dà nù kiri. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kó iṣẹ́ náà wálé. Kò sí ìkòkò mi tí kò ṣí. Ó ní iyọ̀ mi pọ̀. Ó ní àkísà tí mo fi ń gbé ìkòkò ti di ilé àrùn. Mo fẹ́ràn ọkọ mi o, ṣùgbọ́n láàárín oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́ tó fẹ̀yìn tì, mo máa ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní àdúgbò Mayfair yìí, tí màá máa ronú ibi tí mo lè rán an lọ.

Èèrà ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gba yàrá lọ́dọ̀ wa ló fi hàn án lórí fóònù pé àwọn èèyàn wà tó ń mú ìyá èèrà nínú ìgbẹ́, tí wọ́n á máa tọ́ ọ títí á fi bí ọmọ rẹpẹtẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti ń pa kòkòrò láti ọjọ́ ayé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sin kòkòrò. Ní ọdún àkọ́kọ́, èsúnsún ló kó. Òjò rọ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ń ṣa èsúnsún tí wọ́n máa yan jẹ, òun náà ṣa mẹ́fà, ó kó wọn sínú ìgò, ó ń kẹ́ wọn. Ìgbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì ni mo sọ fún un pé, "Bàbá Ìbùkún, ikán lẹ ń sìn o. Igi sì ni wọ́n fi kan òrùlé ilé yìí." Ó gbé ìgò náà, ó lọ dà wọ́n nù sẹ́yìn ògiri.

Ṣùgbọ́n ó kọ́gbọ́n. Ó ra awò kékeré tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi, bí n kò tilẹ̀ bi í. Èsúnsún, ìyẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn dọ́gba, kò sì ní ìbàdí. Ìyá èèrà, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ìwo orí rẹ̀ tẹ̀ bí ìgúnpá, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ki ju ti ọmọ rẹ̀ lọ, torí ibẹ̀ ni agbára tó fi ń fò wà. Kò ráyè ìkòkò mi mọ́. Ó ń kọrin nílé ìwẹ̀. Ó tún ń pè mí ní Àmínátù, orúkọ tí kò fi pè mí mọ́ láti ìgbà tí a ti bí Ìbùkúnọlá àkọ́bí wa. Ara tù mí, ẹ má jẹ́ kí n purọ́.

Àbùkù kan ló wà níbẹ̀. Ìyá èèrà tó bá ti bọ́ ìyẹ́ kì í jẹun. Á sé ara rẹ̀ mọ́ inú òkùnkùn, agbára tó fi ń fò tẹ́lẹ̀ ni yóò máa yọ́ fi bọ́ ọmọ, títí àwọn àkọ́bí á fi jáde. Wọn kì í yọ ọ́ lẹ́nu. Bí wọ́n bá yọ ọ́ lẹ́nu, á jẹ ẹyin ara rẹ̀. Ta ni yóò sì sọ pé kí wọlé-wọlé má ṣí nǹkan wò? Láàárọ̀ á ṣí i, lọ́sàn-án á ṣí i. Mẹ́ta ló ṣòfò báyẹn. Ọjọ́ tí ẹlẹ́ẹ̀kẹta kú, kò jẹun alẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wọ ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò ẹ̀gúsí mi.

Lọ́dún tó kọjá, ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé. Mo ń kó aṣọ lórí okùn nírọ̀lẹ́, òun sì ń tọ ara ògiri lọ. Ló bá dúró. Ìyá èèrà ńlá kan ni, ó pọ́n rúsúrúsú, ìyẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń já. Ó fi í sínú ìgò tín-ín-rín kan, irú èyí tí wọ́n fi ń gba ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù, omi wà nísàlẹ̀, òwú sì dí omi náà. Ó tún fi òwú dí ẹnu ìgò, ó fi aṣọ dúdú wé e, ó gbé e fún mi.

"Àmínátù, tì í mọ́ inú àpótí aṣọ rẹ. Bí mo bá bẹ̀bẹ̀, má fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Tí èyí bá tún kú, mo ti pa á tì nìyẹn."

Mo gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló bẹ̀ mí, mo kọ̀. Àfi bí èmi tí mò ń ṣọ́ ilé ṣe wá di olè.

Ní ọjọ́ kejìlá ààwẹ̀, mo fẹ́ mú gèlè nínú àpótí, ni mo bá ní kí n yọjú wò ó. Ó ká ara rẹ̀ mọ́ ẹyin bíi mẹ́jọ. Ọmọ mẹ́rin ni mo bí, mo mọ ebi abiyamọ. Ẹ̀sìn gan-an yọ̀ǹda fún abiyamọ kó má gbààwẹ̀; ta ló wá ní kí èèrà máa gbà á? Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tọ́ oyin, mo yọ òwú ẹnu ìgò, mo kán an sínú rẹ̀. Ìgò mì lọ́wọ́ mi. Ìyá gbé ẹyin kan sẹ́nu, ó ń sáré lọ sókè, ó ń sáré bọ̀ wá sísàlẹ̀. Mo yára dí i, mo ti àpótí.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó wá bà mí. Mo ti fi ọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Tí ó bá kú, ọkọ mi tó ń kọrin nílé ìwẹ̀ á bá a lọ, èyí tó ń wá ìdin nínú ọbẹ̀ á padà wá. Mo fẹ́ sọ fún un, ẹnu mi kọ̀. Ní àsìkò ìṣínu, á ṣàdúà fún èèrà rẹ̀, èmi á ṣe àmín. N kò tún wò ó mọ́ títí ààwẹ̀ fi parí.

Lọ́jọ́ ìtúnu, a ti yídì dé, kò tilẹ̀ bọ́ agbádá. Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó tú aṣọ dúdú náà, ó gbé awò lé ojú. 

"Ta ló fi oyin síbí?"

"Èmi ni," mo ní. "Mo rò pé ebi ń pa á ni."

Mo ń retí ariwo. Kò pariwo. Ó sún, ó gbé awò náà fún mi. "Wá wò ó."

Ọmọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n kéré gan-an, ìyá wọn sì wà láàárín wọn láàyè. Kò tọ́ oyin mi wò. Ṣe ló fa òwú bò ó, bí ẹni fi ìdọ̀tí pa mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ti ki ẹnu bọ abẹ́ òwú náà. Ó mu ún, ikùn rẹ̀ wú, ó yí padà, ó rìn lọ bá ìyá rẹ̀, ó fi ẹnu kan ẹnu rẹ̀. Ìyá tó ti ń gbààwẹ̀ láti ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀ yanu, ó gbà á.

Bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Láti kékeré ni mo ti ń pa òwe yẹn, n kò fojú rí i rí. Omi bọ́ lójú mi.

"Ẹ má bínú, Bàbá Ìbùkún," mo ní. "N kò ní fi oyin síbẹ̀ mọ́."

"Lọ bù sí i wá, Àmínátù," ó ní. "Ó ti ní ẹni tó máa gbé e fún un."