Ìwé Ìbéèrè Tí N Kò Lè Dáhùn Fún Ẹlòmíràn

Kékeré ni mí, n kò tíì pé ọmọ ọdún mọ́kànlá, nígbà tí màmá mi kó èmi àti ẹrù rẹ̀ kúrò ní Kétu, ní ilẹ̀ Benin níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ ọmọ níwèé, tí a wá fìdí kalẹ̀ sí Bẹyẹrúnkà ní Ìbàdàn. Ẹ̀yin àbúrò mi nínú agbo ilé yìí máa ń bi mí pé báwo ni ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ ṣe di oníṣẹ́ ìwádìí nípa àwùjọ. N kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń ròyìn ìgbà èwe, ṣùgbọ́n ó sàn kí n sọ ọ́ bó ṣe rí kí àsọdùn tó wọ̀ ọ́.

Nítorí pé n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n dá mi padà láti kíláàsì karùn-ún sí ìkejì. Mo ga ju gbogbo wọn lọ. "Àgànyìn gogoro!" ni wọ́n ń pè mí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni à ń sọ nílé, Yorùbá Kétu. Mo parí sẹ́kọ́ńdìrì lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ mi, n kò sì rí yunifásítì wọ̀. Mo kọ́ ìránṣọ ní Bẹẹrẹ fún ọdún méjì, àmọ́ ọ̀gá mi kó lọ sí òkè òkun kí n tó gbòmìnira. Lẹ́yìn náà ni ọkùnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé lábẹ́ òkè Mápó gbà mí síṣẹ́. Owó oṣù yẹn ni èmi àti màmá mi fi ń jẹun, nítorí ojú ti ń dùn ún, kò lè dirun fún èèyàn mọ́.

Ní ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan gbé ìdì ìwé ìbéèrè wá. Ó yẹ kó gbé e lọ bá àwọn tó ṣí wá gbé ní àárín Ìbàdàn àtijọ́ kí wọ́n dáhùn, àmọ́ ó ní ọjọ́ ti lọ.

"Àǹtí, ẹ bá mi máàkì ẹ," ló wí. "Ibi tó bá ṣáà ti wù yín. Kò sẹ́ni tó ń kà á."

N kò ní parọ́ fún yín, mo ti máàkì irú rẹ̀ rí. Mo fi ìdáhùn ara mi kún ìkíní. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ǹjẹ́ àwọn aládùúgbò kà yín sí ọmọ ilé? Mo máàkì bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí mo mú ìkejì, ọwọ́ mi dúró. Ta ni mò ń dáhùn fún? Bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ̀wé nípa èmi àti màmá mi láìbi wá, bó ṣe máa ṣe é nìyí.

Mo sọ fún ọ̀gá mi pé màá gbé e káàkiri fún ọjọ́ mẹ́ta.

"Ta ló fi ẹ́ jẹ wòlíì?" ó bi mí. "Tí kọ́sítọ́mà yìí bá fi bínú, má wulẹ̀ padà wá síbí o."

Mo rò ó. Mo mọ ohun tó wà nínú ìkòkò wa nílé. Mo kó ìwé náà sínú báàgì, mo sì jáde.

Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ mi ní ilé mélòó kan. Wọ́n rò pé ìmígírésọ̀n ló rán mi. Ní ọjọ́ kejì, mo dé ọ̀dọ̀ ìyá arúgbó kan tó ti Tógò wá láti ìgbà ọmọge, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí atẹ.

"Ọmọ Kétu wo ló ń ru ìwé ìjọba kiri?" ó ní nígbà tó gbọ́ ohùn mi. "Jókòó. Ìwọ kọ́kọ́ dáhùn ná."

Mo ń ka ìbéèrè sókè, mo sì ń dáhùn kí òun náà tó dáhùn. Nígbà tí a dé ibi ọmọ ilé, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín títí atẹ fi ń mì.

"Irọ́ lo pa yẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ ṣèpàdé ilé, ṣé wọ́n ń ní kí ìyá rẹ wá jókòó ni, àbí kó wá bá wọn to àga?"

Ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún wa ní Bẹyẹrúnkà nìyẹn, àga ni màmá mi ṣì ń tò.

"Èmi náà tò ó fún ogún ọdún kí wọ́n tó ní kí n jókòó," ó ní. "Má máàkì nǹkan kan. Kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ sí etí ìwé. Láti ibẹ̀ lọ, mo ń fi ìbéèrè rẹ̀ kún ti inú ìwé, èmi ni mo sì ń kọ́kọ́ dáhùn. Lónìí mo mọ̀ pé irú ìyẹn lè darí ìdáhùn ẹlòmíràn, n kì í ṣe é mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà náà, òun ló ṣílẹ̀kùn fún mi, bí kò tiẹ̀ jẹ́ gbogbo ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta pé, ìwé tó kún kò tó ìdajì. Akẹ́kọ̀ọ́ náà pariwo, kò gba ìwé náà, ọ̀gá mi sì gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi. Oṣù méjì ni mo fi ń tún aṣọ àlòkù rán ká lè jẹun. Màmá mi kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Ohun tó o bá ti bẹ̀rẹ̀, lọ parí ẹ̀."

Orúkọ obìnrin olùkọ́ yunifásítì tó ń bójú tó iṣẹ́ náà wà lójú ìwé. Mo da ohun tí àwọn èèyàn sọ kọ, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni n kò bá a. Nígbà kẹta, ó kà á tán, ó sì bi mí pé ta ló kọ́ mi láti béèrè báyìí.

"Ìyá kan tó ń ṣa ẹ̀wà ni, mà."

Ó ní kò sí iṣẹ́ gidi fún ẹni tí kò ní oyè, àfi tí mo bá lè bá wọn bi àwọn ará ilé ní ìbéèrè láti ojúlé dé ojúlé fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ṣe é. Òmíràn tẹ̀lé e. Ohun tí mo ń rí níbẹ̀ ni mo fi wọ yunifásítì, ó gbà mí lọ́dún mẹ́fà, ọdún tó kọjá ni mo gboyè. N kò lè sọ pé mo gbọ́n ju àwọn ẹlòmíràn lọ. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà nípa rẹ̀ ni pé mo padà lọ nígbà kẹta.

Ayé ti yí padà díẹ̀. Fóònù la fi ń béèrè báyìí, kì í ṣe ìwé. Nígbà náà wọ́n ń bẹ̀rù ìmígírésọ̀n. Lónìí wọ́n máa ń rò pé oníyàhúù ni wá. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọmọbìnrin kan tí mò ń bójú tó dé láti Òkè Padre, ojú ń tì í. Ó ní ilé mẹ́rin kò dá òun lóhùn, ó sì bi mí bóyá kí òun kàn fi nǹkan sí i, kí wọ́n má bàa yọ òun níṣẹ́. Mo gba fóònù náà. Mo kọ "wọn kò dáhùn" sí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú rẹ̀, mo sì fi orúkọ ara mi sí i pé èmi ni mo gbà á wọlé bẹ́ẹ̀.