Jámánì Tó Sọnù nínú Ilé Ọkọ Mi

Ọjọ́ tí a sọ ọmọ wa lórúkọ ni ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀, nínú pálọ̀ wa ní Alibon, ní Dagenham, ní London. Àwọn ará ìjọ Aládùúrà wa láti Barking ti jẹun, wọ́n ti gbàdúrà ìdágbére, wọ́n sì ti lọ. Ó wá ku èmi, ọkọ mi, ọmọ, àti ìyá ọkọ mi. Òyìnbó ni ọkọ mi, Dagenham yìí náà ni wọ́n bí i sí. Orúkọ ni àwọn ìyàwó òyìnbó máa ń pe ìyá ọkọ wọn. Ẹnu mi ò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ́mì ni mo ń pè é, ó sì ti mọ́ ọn lára.

Ìyá mi pè láti Abẹ́òkúta, ó ní òun fẹ́ rí ọmọ lórí fóònù. Bó ṣe rí i ló bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ó kì í títí, ó wá dákẹ́ lójijì.

"Ti ilé ìyá ẹ̀ ni mo ń kì látàárọ̀ yìí. Ti bàbá ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ ibo ni wọ́n? Iṣẹ́ wo làwọn baba wọn ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo túmọ̀ ìbéèrè náà fún Mọ́mì, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ni ọmọ wà. Bàbá ọkọ mi ti kú tipẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ nǹkan kan nípa àwọn ènìyàn tirẹ̀. Mo rò pé Mọ́mì máa sọ pé Gẹ̀ẹ́sì làwọn, kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tẹjú mọ́ ọmọ náà, ó ní, "Sọ fún màmá rẹ pé Jámánì ni bàbá tó bí bàbá mi. Búrẹ́dì ló ń ṣe."

Ọkọ mi gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀.

"Jámánì? Kí ló dé tí mi ò gbọ́ ọ rí?"

"O ò bi mí rí," ni Mọ́mì wí.

A bi í pé ìlú wo ni baba náà ti wá, ìgbà wo ló dé, kí ni orúkọ rẹ̀. Ó ní ohun tí òun mọ̀ nìyẹn. Ó gbé ọmọ fún mi, ó sì béèrè kóòtù rẹ̀. Ọkọ mi fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ilé rẹ̀ ní Rush Green. Nígbà tó padà, ó ní kò sọ gbólóhùn kan títí wọ́n fi délé.

Ọkọ mi gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Èmi ò lè gbàgbé. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, ọmọ kékeré tó ń ta epo lójú ọ̀nà mọ ibi tí baba baba rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ tèmi wá ní ẹ̀gbẹ́ kan tó kún dẹ́dẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣófo bí ilé tí ayálégbé ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde níbẹ̀. Mo wà nínú ìsinmi ọmọ, mi ò tíì padà sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo ní n ó wá baba náà fúnra mi.

Bí mo ṣe di èrò láíbìrì ní Barking nìyẹn. Mo máa ń wọ bọ́ọ̀sì pẹ̀lú ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo máa ń gba àárín ọjà East Street kọjá. Obìnrin àgbàlagbà kan wà ní láíbìrì náà tó máa ń ran àwọn tó ń wá ìdílé wọn lọ́wọ́. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń wo ìwé ìkànìyàn àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n fi orúkọ bàbá Mọ́mì bẹ̀rẹ̀, kí n sì máa wá ẹni tó jẹ́ orúkọ yẹn, tí wọ́n bí ní Jámánì, tó ń ṣe búrẹ́dì.

Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ ẹ, Jámánì náà ń jẹ́ ẹ. Àwọn akọ̀wé ayé ìgbà náà sì kọ orúkọ àlejò bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ. Ẹnì kan náà máa jẹ́ bákan níbí, á jẹ́ bákan mìíràn lọ́hùn-ún. Níbi tó yẹ kí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n bí i sí, "Jámánì" nìkan ni wọ́n kọ. Jámánì ibo? Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn bá ní kí o wá òun wá sílé ní Nàìjíríà, tó sì kúrò níwájú rẹ. Ọmọ á máa ké, kọ̀ǹpútà á ní àkókò mi ti pé, màá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa bi mí pé, "Kí lo ń wá lára òkú òyìnbó? Ṣé wọ́n ní kí o wá jogún ni?" Bí mo bá délé, ìyá mi á pè: "Ẹ ti rí i?" Màá ní rárá. Ọkọ mi á ní kí n sinmi. Mo ní kó ra irú ìgò tí wọ́n ń tu itọ́ sí, tí wọ́n á fi mọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ti wá. Ó ní òun ò tu itọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, mo rí i. Orúkọ bá a mu. Jámánì ni wọ́n bí i sí, ó ń ṣe búrẹ́dì, ibi tó gbé kò sì jìnnà sí Barking. Mo pariwo nínú láíbìrì, gbogbo ènìyàn yíjú wò mí. A wá rí i pé wọ́n sin ín sí itẹ́ òkú kan ní ìlà oòrùn London yìí náà. Ọkọ mi tó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ gbé ìyá rẹ̀. Gbogbo wa gbéra.

Òjò ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ náà. A wá sàréè yẹn títí bàtà wa fi kún fún ẹrẹ̀. Òkúta rẹ̀ ti tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo fi aṣọ nu ojú rẹ̀, mo gbé òdòdó lé e, mo sì gbé ọmọ sókè. Mo sọ fún baba náà ní èdè Yorùbá pé ọmọ rẹ̀ nìyí. Omi ń bọ́ lójú mi. Ọkọ mi ṣí fìlà rẹ̀. Mọ́mì dúró sábẹ́ agbòjò rẹ̀, kò wí nǹkan kan. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ló wọ̀ ọ́ lára. Mo tilẹ̀ lọ dì í lọ́wọ́ mú.

Kò pẹ́ sígbà náà tí obìnrin inú láíbìrì bá mi wá ìwé ikú ọkùnrin náà. Ó kà á, ó sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní kò fẹ́yàwó rí. Kò bímọ. Àlejò ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ló sin ín.

Bí mo ṣe dé ibùdókọ̀, mi ò mọ̀. Ìtìjú mú mi, inú sì bí mi. Mo ti fi fọ́tò sàréè náà ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta, ìyá mi sì ti fi han àwọn aládùúgbò. Bí mo ṣe jókòó nínú bọ́ọ̀sì ni ojú Mọ́mì lábẹ́ agbòjò padà wá sọ́dọ̀ mi. Obìnrin yẹn mọ̀! Ó mọ̀ pé kì í ṣe òun, ó sì jẹ́ kí n sunkún lórí sàréè ẹni ẹlẹ́ni. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sì wọ bọ́ọ̀sì mìíràn tó ń lọ sí Rush Green.

Mi ò lè pariwo mọ́ ìyá ọkọ mi. Kò sí nínú ẹ̀kọ́ ilé tí wọ́n kọ́ mi. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn, mo kí i, mo wọlé, mo jókòó. Ó gbé tíì wá. Mi ò fọwọ́ kàn án. Ó gbé bísíkíìtì wá. Mi ò fọwọ́ kàn án.

"Kí ló dé?" ló bi mí.

"Mọ́mì, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe òun."

Ó ti bísíkíìtì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Inú yín dùn gan-an lọ́jọ́ yẹn. Mi ò fẹ́ bà á jẹ́."

"Ẹ jẹ́ kí n bá òkúta sọ̀rọ̀!"

"Mo ṣèlérí fún bàbá mi pé mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní, "Àwa kì í ṣe ẹnikẹ́ni, Mọ́mì. Ọmọ ọmọ yín nìyí." Mo gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀. Mo mọ̀ pé mo fi ọmọ yẹn mú un ni. Kò dùn mí.

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì ni baba bàbá òun ní, ní Barking yìí. Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ àdúgbò, ló fẹ́. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ènìyàn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wọn ló wá fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù náà, tí wọ́n kó búrẹ́dì lọ, tí wọ́n da fúláwà sí títì. Ọmọ kékeré ni bàbá Mọ́mì. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá mú bàbá rẹ̀, fúláwà ṣì wà lápá ọkùnrin náà títí dé ìgbúnwọ́. Wọ́n hámọ́ ọn pẹ̀lú àwọn Jámánì ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ogun parí, wọ́n dá a padà sí Jámánì. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a lọ. Ó padà sí orúkọ bàbá tirẹ̀, ó sọ àwọn ọmọ ní orúkọ náà, ó sì ń sọ fáráyé pé ojú ogun ni ọkọ òun kú sí.

"Ìgbà tí ìjọba kọ́ àwọn ilé Becontree ní Dagenham yìí," ni Mọ́mì wí, "bàbá mi wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó dé. Kò sí ẹni tó mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyẹn ló fi fẹ́ràn rẹ̀. Títí ó fi kú, kò jẹ́ ká gbé búrẹ́dì dúdú, irú èyí tí àwọn Jámánì máa ń jẹ, wọlé."

Orúkọ tí mo ti ń wá kiri láti ọjọ́ yìí wá, orúkọ ìyàwó ni. Gbogbo ìgbòkègbodò mi, ẹ̀yìn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tó fi Barking ṣe ilé láti ìran dé ìran ni mo ń tọ̀. Mo gbá orí mi mú.

"Kí ni orúkọ ọkùnrin náà gan-an?"

Mọ́mì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni pé ẹnì kan wà lójú fèrèsé tó ń gbọ́.

Mo padà sí láíbìrì lọ́jọ́ tó tẹ̀lé e. Mo tẹ orúkọ náà. Ó ga o! Kò sí orúkọ tó wọ́pọ̀ tó o ní Jámánì. Ojú ewé ń tẹ̀lé ojú ewé, gbogbo wọn ń jẹ́ ẹ, ìdajì wọn sì ń ṣe búrẹ́dì. A rí ṣọ́ọ̀bù náà nínú ìwé ìkànìyàn, a rí òun, ìyàwó àti ọmọ kékeré náà. Níbi tó yẹ kí ìlú wà, "Jámánì." Mo béèrè ìwé àwọn tí wọ́n hámọ́. Obìnrin náà ní ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti jóná nígbà tí bọ́ǹbù ń já lu London nínú ogun kejì. Mo kọ̀wé sí àwọn ìlú tó ní èbúté ní Jámánì. Àwọn tó fèsì ní kí n fún àwọn ní orúkọ abúlé rẹ̀, àwọn á bá mi wá a. Bí mo bá mọ orúkọ abúlé rẹ̀, kí ni mo ń kọ̀wé fún?

Ọkọ mi, lẹ́yìn tó gbọ́ ìtàn náà, jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó wọlé, ó ní kí n ra ìgò yẹn. Ó tu itọ́ sí i. Èsì dé, a jọ ṣí i. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kan Jámánì díẹ̀, wọn ò sọ Jámánì ibo. Ó wò mí, mo wò ó. Ẹ̀rín pa wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn kò dé inú mi.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní kí n fi ìdílé àwọn sílẹ̀, pé ohun tí àwọn àgbà bá bò, ó ní ìdí. Mo gbọ́ ọ. Ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ọkùnrin kan dìde nídìí iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n mú un lọ, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sì lè dárúkọ rẹ̀ mọ́. Mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń fi irú ìyẹn sílẹ̀.

Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ báyìí. Bí mo bá ní àyè lọ́sàn-án, màá lọ sí Rush Green. Mọ́mì ní bàbá òun dárúkọ abúlé náà rí, nígbà tí òun wà lọ́mọdé, òun ò fetí sílẹ̀ dáadáa. Mo ra máàpù Jámánì ńlá kan, a tẹ́ ẹ sórí tábìlì ìdáná rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó ní "B" ló fi bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ó ní rárá, "P" ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó ní ó jọ pé odò wà nínú orúkọ náà. Inú máa ń bí mi débi pé màá dìde lọ fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

"Má bínú," ló sọ fún mi lánàá. "Mo ń gbìyànjú."

Mo nu ọwọ́ mi, mo padà wá jókòó. Mo fi ìka sórí máàpù, mo pe ìlú kan. Ó mi orí. Mo pe òmíràn.

"Tún un pè," ni Mọ́mì wí.

Mo tún un pè. Ó ronú sí i, ó ní rárá, kì í ṣe ìyẹn náà.