Irin Ìdìmú Ẹnu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Dádì

Ọkọ̀ tí Dádì fi sílẹ̀ fún wa ní Festac, ilé orí táyà ni: bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, ìdáná wà níbẹ̀, fáíbà sì ni gbogbo ara rẹ̀. Láti ìgbà tí Dádì ti kú, bí Mọ́mì bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní Sọ́ńdè, inú ọkọ̀ yẹn ló ń lọ jókòó sí, lórí àga Dádì, tí á máa bá a sọ̀rọ̀. Orúnkún ń dùn ún, irin ìdìmú ẹnu ilẹ̀kùn ló sì máa ń dì mú gòkè.

Irin náà ń mì. Èmi ni mo ń tún un ṣe. Bí síkúrù bá ti tú, mo máa ń ra èyí tó nípọn jù ú lọ, màá fi tipátipá yí i wọ inú ihò náà, màá ní, "Ó ti le, Mà." Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Fáíbà kì í ṣe pákó. Ńṣe ni ihò náà ń fẹ̀ sí i.

Lọ́jọ́ kan, irin náà já mọ́ Mọ́mì lọ́wọ́. Ọlọ́run ló ní kí n wà lẹ́yìn rẹ̀ láti gbá a mú. Kò bú mi. Ó kàn ní kí n wá ẹni tí yóò ra ọkọ̀ náà, kò sì súnmọ́ ọn mọ́. Ó dùn mí ju èébú lọ.

Dípò ẹni tí yóò rà á, mo wá ọkùnrin kan rí lọ́nà Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, tó ń tún ọkọ̀ ojú omi oní-fáíbà ṣe. Ó dé, ó wo ihò náà, ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ló ṣe iṣẹ́ yìí?"

"Mẹkáníìkì kan ni."

"Ẹ má pè é mọ́ o. Apààyàn ni."

Mọ́mì wúkọ́ níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò.

Ọkùnrin náà kò tètè dí ihò náà. Ńṣe ló tún gbẹ́ ẹ títí ó fi kan ibi tó le, kó tó fi fáíbà tó rẹ sínú gọ́ọ̀mù dí i, ó sì fi òmíràn tì í láti inú. Lọ́jọ́ kejì tó ti gan, ó dá ihò tuntun lu, ihò kékeré, ó sì dá irin padà sáyè rẹ̀. Mo ń wò ó, ojú ń tì mí. Ní gbogbo ìgbà tí mo ń sọ pé ó ti le, mo mọ̀ pé kò le.

Ní Sọ́ńdè, Mọ́mì dúró níwájú ilẹ̀kùn ọkọ̀, Bíbélì lábíyá. Kò fọwọ́ kan irin náà.

"Mẹkáníìkì yẹn ńkọ́?"

Mo sorí kọ́. "Èmi ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Mo ní, ṣé kò ní fọwọ́ kàn án mọ́?"

"Kò ní fọwọ́ kàn án mọ́, Mà."

Ó dì í mú, ó sì gòkè.