Òrí Orúnkún Ìyá Mi

Lọ́dún tí mo gbé ìyàwó wá sí Ìwó láti Olúpọ̀nnà, orí àpótí ni ìyá mi ti ń kírun nítorí orúnkún. Ìrora kọ́ ló ń dùn wọ́n jù. Pé iwájú orí wọn kò kan ilẹ̀ fún Ọlọ́run mọ́ ni.

Ìyàwó mi ní òun mọ ìpara kan. Ó yọ́ òrí pẹ̀lú efinrin àti èèrù, ó sẹ́ ẹ sínú igbá. Àsìkò ọyẹ́ ni, ó dì kíá, ó sì kúnná bí ẹ̀kọ mímu. Ẹsẹ̀ ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ni ìyàwó mi bá di oníṣègùn, èmi ọkọ di apọnmi.

Nígbà tí òrí inú igbá yìí tán, ooru ti dé. Ó se òmíràn, ó sẹ́ ẹ sínú ìkòkò, ó fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó máa dì fúnra rẹ̀. Nígbà tó ṣí i, ó ti di kókó wẹ́wẹ́ bí iyanrìn odò. Ìyá mi fi ìka méjì tẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n padà sórí àpótí wọn.

Ìyàwó mi mọ ohun tí wọ́n ń rò: pé òun ti fi èlùbọ́ lú òrí, bí àwọn ọlọ́jà kan ṣe máa ń ṣe. Ó ní òun ń lọ sílé bàbá òun. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a di ẹrù, torí kò mọ ẹrù dì. Orógùn ló fi lé mi jáde.

Ìyá mi gbọ́. Wọ́n gbé ìkòkò kaná, torí bí èlùbọ́ bá wà nínú òrí, tí òrí bá yọ́, èlùbọ́ á rọlẹ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ó yọ́, ó mọ́ gaara, títí a fi rí àmì ìka amọ̀kòkò nísàlẹ̀. Kò sí èlùbọ́ kankan. Ìyá mi dà á sínú igbá, wọ́n gbé igbá náà léfòó nínú omi tútù inú àmù, wọ́n ń rò ó títí ó fi dì. Ó kúnná bíi ti ọyẹ́.

“Òun náà ni,” wọ́n ní. “Ibi tó sùn ló yàtọ̀.”

Mo ní bí èmi náà bá di kókó láàárọ̀, ibi tí mo sùn ni kí wọ́n bi.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ọkùnrin kan tó ń po oògùn òyìnbó sọ fún mi pé àwọn náà ń bá irú rẹ̀ pàdé: oògùn kan náà, bó bá dì lọ́nà mìíràn, ó lè má tètè yọ́ nínú ara mọ́. Ó rò pé ẹnu á yà mí.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ìyá mi na ẹsẹ̀. “Ìyàwó mi, wá fi ọwọ́ ara rẹ pa á fún mi.”

Ẹ̀bẹ̀ nìyẹn. Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ń pa á, ó ń fi èjìká nu ojú.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́ kan, ìyàwó mi di ìyá mi ní ìgbọ̀nwọ́ mú, wọ́n rọra sọ̀ kalẹ̀ sórí awọ ewúrẹ́ títí iwájú orí wọn fi kan ilẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. A rò pé orúnkún ti há. Nígbà tí mo tẹ̀ ba láti wò wọ́n, ẹ̀rín ni wọ́n ń rín.