Ọ̀gá Akunlé Tí Ọ̀dà Rẹ̀ Kì Í Gbẹ

Ọkùnrin tó kun ilé mi ní Agbonou máa ń fi èékánná kan ògiri, á ní: “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, ó ṣì ń gbẹ ni.” Oṣù mẹ́ta ló fi ń gbẹ. Gbogbo àlejò tó bá fẹ̀yìn tì í ń gbé ọ̀dà búlúù lọ sílé, wọn ò sì wá kí mi mọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Aṣọ funfun ló wọ̀. Mo fa òun àti àgbà ìjọ méjì wálé.

“Ọ̀gá, fẹ̀yìn ti iṣẹ́ rẹ.”

“Háà, Màmá! Aṣọ mi ńkọ́?”

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ń ha ògiri náà. Mo gbé àga sẹ́yìn rẹ̀, mo ń tọ́ka sí gbogbo ibi tó fò.